Àlàfo Ọdún Mẹ́ta: Bí Tọkọtaya Kan ní Abẹ́òkúta Ṣe Pinnu Ìgbà Tí Wọn Yóò Bí Ọmọ Kejì

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí tọkọtaya kan tí wọ́n wá sí ẹ̀ka ìfètò sọ́mọ bíbí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí pé wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ọdún tí ó yẹ kí àkọ́bí wọn fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Èmi ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n yọ̀ǹda kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí ó lè mú kí ará àdúgbò dá wọn mọ̀ padà.

Ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 33, olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní agbègbè Àsèrò. Ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 35, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó ń sùn láti ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì máa ń wọ̀ padà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá ọkọ, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlàájà, ń gbé pẹ̀lú wọn ní Lafẹ́nwá. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún díẹ̀, ó ta adìrẹ ní Ìtòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí sì ni kí ó máa tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí ìyá ọmọ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ náà jẹ́ obìnrin, oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ nítorí pé ìrọbí falẹ̀, ọmọ kò sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, ó ti pé oṣù mọ́kànlá, ó ń jẹ ògì àti ẹ̀wà lílọ̀, ó sì ń mu ọmú lọ́sàn-án àti lóru. Nǹkan oṣù ìyá rẹ̀ kò tíì padà.

Àlàájà kò fi èrò rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun bí èkejì kíákíá, kí ó bí ẹ̀kẹta lé e, kí ó sì palẹ̀ ọmọ bíbí mọ́ kí orúnkún òun tó kọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, nítorí pé bí kò bá sí Àlàájà, owó ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni yóò gbé apá tí ó tóbi nínú owó oṣù olùkọ́ náà lọ. Ọkọ gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n tí ó tẹ̀lé lẹ́yìn fi jù ú lọ, ó sì sọ pé àwọn kò jọ ṣeré rí: nígbà tí òun ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó tún gbọ́ níbìkan pé lẹ́yìn ọdún 35, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí obìnrin ti di àdúrà, ó sì ń ka oṣù. Ní ti ìyàwó, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi jù ú. Ohun tí ó rántí jù lọ nínú ìgbà èwe wọn ni bí ó ṣe máa ń rẹ ìyá wọn, tí ó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fi ara wọn tọ́ ara wọn. Ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, ni òun ń fẹ́, kí àkọ́bí òun tó ṣe é rán níṣẹ́ nínú ilé kí òmíràn tó dé.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ọdún mélòó kankan, ohun kan wà tí ó kánjú jù ú lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ. Ìyàwó ní òun ń fún ọmọ lọ́mú, nǹkan oṣù òun kò sì tíì dé. Ọkọ ní, “Mà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń wà nílé.” Òtítọ́ ni pé ọmú máa ń dènà oyún, ó sì ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé pọ̀: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ó jẹ́ pé ọmú nìkan ni ó ń mu tọ̀sán-tòru, kí nǹkan oṣù má sì tíì padà. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ààbò náà ti yẹ̀. Ọmọ tiwọn ti kọjá oṣù mẹ́fà tipẹ́, ó ti ń jẹun, ẹyin obìnrin sì lè jáde kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó fara hàn, tí ó fi jẹ́ pé àwọn mìíràn a ti lóyún lé ọmọ kí wọ́n tó fura. Ní ti òpin ọ̀sẹ̀, èmi kò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé púpọ̀. A ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Kò sí oyún. Ọkàn ìyàwó balẹ̀. Ọkọ kò sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a kọjú sí ara ìyàwó. Àpá tí ó wà lójú ikùn lè ti gbẹ pátápátá nígbà tí èyí tí ó wà lára ilé ọmọ kò tíì le tán. Bí ìbímọ méjì bá sún mọ́ra tí àlàfo wọn kò tó oṣù 18, ewu pé àpá náà lè ya nígbà ìrọbí á pọ̀ sí i. Ohun tí ọkọ fẹ́, bí oyún bá dúró ní oṣù yẹn gan-an, yóò jẹ́ oṣù 20 láàárín ọmọ méjèèjì, èyí tí ó kọjá ààlà náà díẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí pé kò dára kí a máa fi ẹ̀rù tí ó ju òtítọ́ lọ da àwọn ènìyàn sẹ́yìn. Ohun tí ó dá èmi fúnra mi dúró ni ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò PCV, èyí tí ó ń fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara hàn, 28 ni a rí, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin tí kò lóyún yẹ kí ó ní bí 36 ó kéré tán. Obìnrin tí ó gbé oyún pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó tún bá iṣẹ́ abẹ pàdé, kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ya lọ́jọ́ ìbímọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kó àwọn onímọ̀ jọ sórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2005, ìmọ̀ràn tí ó sì jáde láti ibẹ̀ ni pé kí tọkọtaya dúró fún oṣù 24 ó kéré tán lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó tún gbìyànjú oyún, kí àwọn ọmọ lè fi bí oṣù 33 ju ara wọn lọ. Kì í ṣe ìyá nìkan ni wọ́n ń rò. Ọmọ tí oyún rẹ̀ tètè lé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sábà máa ń wá ṣáájú oṣù rẹ̀ tàbí kí ó kéré ju bí ó ṣe yẹ lọ, èyí tí ó wà nílẹ̀ náà sì máa ń pàdánù ọmú kí ó tó ṣetán láti fi í sílẹ̀.

Mo wá mú bébà, mo ní kí a ṣírò. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí pé bí mo ṣe béèrè pé ọmọ mélòó ni wọ́n fẹ́ bí lápapọ̀, ọkọ dáhùn pé mẹ́rin, ìyàwó dáhùn pé mẹ́ta, wọ́n sì yíjú wo ara wọn. Wọ́n ti jiyàn lórí àlàfo láti ìgbà tí ọmọ ti ń rá, kò sì sí ẹni tí ó ti sọ iye ọmọ fún ẹnì kejì rẹ̀. Èmi kò rí bí a ṣe lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ìyàwó bá di àlàfo ọdún mẹ́rin mú, èkejì yóò bọ́ sí nǹkan bí ọdún 36 rẹ̀, ẹ̀kẹta yóò sì bọ́ sí ọdún 40. Agbára àti lóyún kì í dúró lójijì lọ́jọ́ tí obìnrin pé ọdún 35, gẹ́gẹ́ bí ọkọ ṣe rò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dín kù, ṣùgbọ́n ó máa ń yára sí i bí ogójì ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àbùkù ara ọmọ náà sì ń gòkè. Nítorí náà, ọdún mẹ́rin àti ọmọ mẹ́ta tí ìyàwó fẹ́ kò rọrùn láti bá ara wọn gbé. Ó ní láti dín ọ̀kan kù. Bí a bá gba ti ọkọ, tí àlàfo kọ̀ọ̀kan jẹ́ oṣù 20, ẹ̀kẹrin yóò dé kí ìyàwó tó pé ọdún 38, ó sì dára lórí bébà, àfi pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ abẹ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan sì máa ń fi kún ewu pé ibi ọmọ tí ó tẹ̀lé e yóò lẹ̀ mọ́ àpá tí kò sì ní fẹ́ kúrò. Àlàfo ọdún mẹ́ta fi èkejì sí ọdún 35 àti ẹ̀kẹta sí ọdún 38. Ìyàwó wo bébà náà pẹ́. Kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní kí wọ́n mú Àlàájà wá nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé tọkọtaya ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbà pé àwọn ni wọ́n ni ìpinnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pọn ọmọ kò ṣeé fi sẹ́yìn nínú ìjíròrò nípa ìgbà tí ọmọ yóò dé.

Àlàájà wá bí ẹni tí ó ti múra láti jà. Dípò kí n bá a jiyàn, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ìgbà tí ó bí àwọn ọmọ tirẹ̀. Kò fi nọ́ńbà sọ ọ́. Àkọ́bí rẹ̀, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ni. Èyí tí ó tẹ̀lé e, ìgbà tí Olábísí Ọ̀nàbánjọ di gómìnà. Ẹ̀kẹta, ọdún tí ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó, tí àwọn ènìyàn ń tò sí báńkì. Àbíkẹ́yìn, tí í ṣe ọkọ tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún tí Abíọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí gbogbo Ẹ̀gbá ń yọ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́: 1976, 1979, 1984, 1988. Kò sí méjì nínú wọn tí àlàfo wọn kò tó ọdún mẹ́ta. Mo yí bébà náà sí ìyàwó. Ó kàn mi orí rẹ̀ ni, ó ṣọ́ra kí ó má rẹ́rìn-ín níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

Mo wá bi Àlàájà bí ó ṣe ṣe é. Ó ní bí òun bá ti bímọ, yàrá ìyá ọkọ òun ni òun ń kó lọ, orí ẹní kan náà sì ni àwọn àti ọmọ jọ ń sùn títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn pé bí obìnrin bá sún mọ́ ọkọ nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, omi ọmú yóò bàjẹ́, yóò sì pa ọmọ lára. Kò sí òótọ́ nínú ìyẹn, omi ọmú kì í bàjẹ́ nítorí ọkọ. Síbẹ̀ ohun tí ìgbàgbọ́ náà dáàbò bò jẹ́ òótọ́: ó fún ara ìyá láyè, ó sì jẹ́ kí ọmọ mu ọmú rẹ̀ tán. Ohun kan tún wà tí Àlàájà sọ bí ẹni tí kò ka á sí, èmi sì kà á sí gan-an: ìyálé wà nínú ilé náà. Bí òun bá wà ní yàrá ìyá ọkọ, ọkọ kò dá wà. Ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó níbẹ̀ ní ìyàwó kan ṣoṣo, kò sì ní in lọ́kàn láti fẹ́ ìkejì. Tọkọtaya náà ń sùn ní yàrá kan láti ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ilé ayé òde òní ti mú ẹní ìyá ọkọ kúrò, kò sì fi ohunkóhun dípò rẹ̀ nínú ilé púpọ̀, lẹ́yìn náà ni a wá ń yà lẹ́nu pé àwọn ọmọ ń gun ara wọn lẹ́yìn.

Àlàájà gbọ́ ọ, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú èyí tí kò ṣeé já ní koro. “Ẹni ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Nọ́ọ̀sì. Ìyàwó wa ti lé ní ọgbọ̀n kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jí ní kùtù lè rìn jẹ́jẹ́.” Òtítọ́ ni. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí òun fi sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣeé yá fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn òun. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tí ó ti ẹnu Àlàájà jáde, ni ó mú kí ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Tèmi kò lè ṣe é. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ni ọkọ náà gòkè láti oṣù 20, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé.

Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkọ sì fẹ́ gbọ́ ti Ààfáà àdúgbò kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ààfáà ka ẹsẹ 233 nínú Súrà Bàkárà fún un, níbi tí a ti sọ pé kí àwọn ìyá fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pé. Ó fi kún un pé ẹsẹ kan náà sọ pé bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò láàárín àwọn méjèèjì. Ọkọ sọ fún mi pé òun ti ń gbọ́ ẹsẹ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n apá ti ìjíròrò kò wọ òun létí rí.

Ọ̀rọ̀ owó kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ìsinmi ìbímọ, ó sì fi dandan lé ìdajì owó oṣù ó kéré tán. Ìdajì náà ni ìyàwó gbà nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì jẹ gbèsè díẹ̀. Àlàfo ọdún mẹ́ta yóò jẹ́ kí wọ́n san gbèsè náà tán, kí wọ́n sì kó díẹ̀ jọ de ìsinmi kejì.

Èyí tí a yàn láti fi dènà oyún ni ó gba ìrònú jù lẹ́yìn náà, nítorí pé àlàfo tí ó ní òpin ni wọ́n ń wá. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ni àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń lò, òun náà sì ti ní in lọ́kàn. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ náà dára, kì í sì í sọ ènìyàn di àgàn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ara tó padà sípò. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń tó bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó lóyún. Ẹni tí ó ti ṣírò ọdún rẹ̀ tán bí tirẹ̀ kò ní oṣù tí yóò fi ṣòfò. Lúùpù oníbàbà, tí a ń fi sínú ilé ọmọ, kì í dènà oyún mọ́ lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, àmọ́ ó lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, PCV rẹ̀ kò sì fẹ́ ìyẹn. Ọ̀pá kékeré tí a ń fi sábẹ́ awọ apá ni ó bá a mu: ọdún mẹ́ta ni ó lè lò, a lè yọ ọ́ nígbàkígbà, ara sì máa ń tètè padà. Àlàájà bẹ̀rù pé yóò rìn lọ sínú ara, títí mo fi fi ọwọ́ rẹ̀ kan apá obìnrin mìíràn tí ó ní in, tí ó sì gbà, kí ó lè mọ bí ọ̀pá kékeré náà ṣe dúró sí ojú kan.

Mo kìlọ̀ fún ìyàwó pé ẹ̀jẹ̀ lè máa kán láìlákòókò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó padà wá pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé kò mọ ìgbà tí òun lè kírun àti ìgbà tí kò lè kí. Ìyàwó Ààfáà ni ó yanjú ìyẹn: ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù kò ní kí obìnrin fi ìrun sílẹ̀, àlùwàlá tuntun ni yóò máa ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kíkán náà dín kù nígbà tí ó yá. Pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́, àti pé kí ó má fi tíì lé oúnjẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ (tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà ẹ̀jẹ̀ inú oúnjẹ, ohun tí àwọn olùfẹ́ tíì àárọ̀ kì í fẹ́ gbọ́), PCV rẹ̀ gòkè sí 33, ó sì di 36 kí ọdún náà tó parí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí ọmọ ti lé ní ọdún méjì, tí wọ́n sì ti já a lẹ́nu ọmú, a yọ ọ̀pá náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo fólíkì ásíìdì, fítámì tí obìnrin máa ń lò kí ó tó lóyún, lọ́jọ́ náà. Oyún dúró ní oṣù keje ọdún kan náà, bí ohun gbogbo bá sì lọ bó ṣe yẹ, ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni ẹ̀gbọ́n yóò fi ju àbúrò lọ. Nítorí àpá tó wà lára ilé ọmọ, èmi kò gbà kí ó bímọ lọ́dọ̀ wa. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí a tọ́jú sílẹ̀, dókítà ibẹ̀ sì sọ pé bí ọmọ bá dorí kodò, tí ìrọbí sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn yóò jẹ́ kí ó gbìyànjú láti bí i fúnra rẹ̀, lábẹ́ àmójútó. Orúnkún Àlàájà ti ń dùn ún, kò pọn ọmọ mọ́, wọ́n sì ti bá ọmọ àbúrò rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ kí ó máa wá ràn án lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Ọkọ ti sọ̀ kalẹ̀ láti mẹ́rin sí mẹ́ta. Ìyàwó, tí ó ń sọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ní òun kò ní dárúkọ iye kankan mọ́ títí òun yóò fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò tún fi gbẹ̀bí èyí.